Sakaráyà, Zacharie, Sàká: orúkọ kan náà ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ìdí ni pé ọmọ tuntun wọ ilé wa, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọmọkùnrin làǹtì, a sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ bó ṣe yẹ, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ti òní ṣe, torí ó fa ọ̀rọ̀ kan lójú agbo tí mi ò retí, mi ò sì yé rò ó láti ọjọ́ náà.

Ọdún 11 ni àbúrò mi fi wà nílé ọkọ kó tó gbọ́ ohùn ọmọ tiẹ̀. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò rí i kò lè mọ bó ṣe ń rí. Tí wọ́n bá ń sọ ọmọ ẹlòmíì lórúkọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, á bá wọn rẹ ìrẹsì, á bá wọn fọ abọ́, á gbé ọmọ ọlọ́mọ jó, tó bá wá di alẹ́ á yà sílé mi ní Wàǹdó, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa tú gèlè ẹ̀ tí á sì tún máa wé e. Èmi náà kì í bi í. Àwọn tó ń bi í ti pọ̀ jù.

Ilé wa ní Àjàṣẹ́ níbí (Porto-Novo lórí ìwé ìjọba), ilé tí mọ́sáláásì àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń gbé ni. Bàbá àgbà wa, bàbá tó bí bàbá mi, alífáà ni, ó kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú títí ojú ẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Bàbá tèmi lọ sí iléèwé àwọn fadá, ó di ọmọ Kátólíìkì, àbúrò ẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré dúró sínú ẹ̀sìn bàbá wọn, òun ló sì ń kọ́ ọmọ ní kéú báyìí. Ọkọ àbúrò mi ní tiẹ̀, Ìjọ Mímọ́ ló ń lọ, ìjọ aláṣọ funfun tí Samuel Bilehou Oshoffa dá sílẹ̀ nílùú wa níbí ní 1947. Tí Iléyá bá dé a jọ ń jẹran, tí Kérésì bá dé a jọ ń jẹ ìrẹsì. Ẹni tó bá mọ Àjàṣẹ́ dáadáa mọ̀ pé báyìí nilé pọ̀ sí níbí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wá dé. Wọ́n fi omi, wọ́n fi iyọ̀, wọ́n fi oyin, ó wá kan orúkọ. Ọkọ àbúrò mi dìde nínú aṣọ funfun ẹ̀, ó ní "Zacharie ni." Kó tó jókòó Bàbá Kékeré ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní "Sàkàríyà! Alhamdulilahi!" omi sì lé sójú ẹ̀, torí orúkọ bàbá ẹ̀ ni. Alífáà Sàká ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá àgbà wa títí ó fi kú, àwa ọmọ-ọmọ kò tiẹ̀ ka Sàká sí orúkọ Bíbélì rárá. Ọkọ àbúrò mi kò mọ̀. Inú Ìyìn Rere Lúùkù ló ti mú tiẹ̀. Èmi gan-an tí mo jókòó síbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so méjèèjì pọ̀ lọ́kàn mi pé orúkọ kan náà ni.

Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Àfi Màmá Kétu, ìyá ọkọ ẹ̀, tí wọ́n ti Kétu wá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa á nípàkọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Kí ló ń jẹ́ ní Yorùbá?" Gbogbo ojú yí sí mi, torí èmi ni wọ́n mọ̀ pé mo máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó ń jẹ́ pé Ọlọ́run rántí, Màmá."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo àbúrò mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti gbàgbé tẹ́lẹ̀ ni?"

Ariwo rọlẹ̀. Àbúrò mi tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń tún etí ìró ẹ̀ ṣe. Màmá kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ ni. Àwọn náà bá a dúró fún ọdún 11 yẹn, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn. Mo wá sọ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó dáadáa kí n tó dá yín lóhùn." Mo sì lọ wò ó lóòótọ́.

Ní èdè Hébérù, Zekharyah ni wọ́n ń pè é, ìgbà mìíì Zekharyahu. Apá méjì ló ní. Zakhar ni rántí. Yah sì ni orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n gé kúrú, òun náà ló wà nídìí Aísáyà, Jeremáyà, Hesekáyà, òun ló wà nídìí halelúyà tí a máa ń ké ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwa ṣe máa ń fi Olú tàbí Ifá tàbí Ògún bẹ̀rẹ̀ orúkọ, àwọn máa ń fi Yah parí tiwọn. Tí ẹ bá ní kí n yí i sí Yorùbá láì fi nǹkan kan kún un, Olúrántí ni, orúkọ tó ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́, a kàn ní in lọ́nà méjì láì mọ̀ ni. Orúkọ náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn Hébérù débi pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ nínú Bíbélì nìkan tó bíi 30. Àlùfáà wà nínú wọn, ọba wà, wòlíì wà, àwọn olórin tẹ́ńpìlì wà, bàbá ìyá Hesekáyà ọba náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Màmá Kétu ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rántí, ṣé kì í ṣe pé ó ti gbàgbé?

Ibi tó ti là sí mi, inú mọ́tò ni, lójú ọ̀nà Kútọnù. Ìyá tó ń ta àkàrà nídìí ilé wa ti kí mi láàárọ̀ yẹn pé "ẹ rántí wa o." Ẹ wò ó, tí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn tó ń lọ sí Kútọnù, ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí n máa ro ojú àwọn lọ́kàn bí mọ́tò ṣe ń lọ? Rárá o. Wọ́n ń sọ pé kí n má bọ̀ lọ́wọ́ òfo, kí n gbé búrẹ́dì gígùn yẹn méjì dání, kí n fi nǹkan há wọn lọ́wọ́. Tí mo bá wá darí dé láì mú nǹkan kan bọ̀ tí mo sì sọ fún wọn pé "Ìyá, mo rántí yín gan-an, ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ yín," wọ́n á sọ fún mi lójú ara mi pé mi ò rántí àwọn. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, ọwọ́ lèèyàn fi ń rántí èèyàn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni zakhar ṣe rí. Mo ṣí Jẹ́nẹ́sísì 8:1, Ọlọ́run rántí Nóà, ohun tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni pé ó mú kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sórí ilẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ṣí Jẹ́nẹ́sísì 30:22, Ọlọ́run rántí Rákélì, ó gbọ́ tiẹ̀, ó sì ṣí i nínú. Mo ṣí 1 Sámúẹ́lì 1:19, Olúwa rántí Hánà, nígbà tí ọjọ́ pé ó bí Sámúẹ́lì. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ní Hébérù, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni nǹkan ti yí padà ní kété tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé Ọlọ́run ti gbàgbé Nóà sórí omi tí ó wá jí lójijì. Ọjọ́ tó na ọwọ́ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ tó rántí.

Mo pe Màmá Kétu lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sì ṣàlàyé ẹ̀ báyìí fún wọn, mo fi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Kútọnù yẹn kún un. Wọ́n ní "Hẹn-ẹn." Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní "Ó dáa, ìyẹn yé mi." Mi ò ní tan ara mi jẹ pé àlàyé yẹn pa ọdún 11 rẹ́, kò pa á rẹ́, ẹni tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi ní gbogbo alẹ́ yẹn ló mọ ohun tí ojú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n lè pe orúkọ ọmọ náà láì sí pé ó ń gún mi lọ́kàn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó jẹ́ orúkọ náà, ọ̀kan nínú wọn kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ẹ ṣí 2 Kíróníkà orí 22 títí dé 24. Ọba kan wà ní Júdà tó ń jẹ́ Jóáṣì. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá bàbá ẹ̀, Ataláyà, dìde láti pa gbogbo ọmọ ìdílé ọba kí òun lè jókòó sórí ìtẹ́. Àǹtí ọmọ náà, Jehoṣébà, ìyàwó àlùfáà Jèhóíádà, jí i gbé kúrò láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ pa, ó gbé e pa mọ́ pẹ̀lú alágbàtọ́ ẹ̀, ọdún 6 ni wọ́n sì fi tọ́jú ẹ̀ sínú ilé Ọlọ́run. Ọdún 6! Ẹ ronú bí wọ́n ṣe ń pa ẹkún ọmọdé mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 7, Jèhóíádà kó àwọn ọmọ ogun jọ, ó dé e ládé. Gbogbo ọjọ́ ayé Jèhóíádà, ọba náà ṣe dáadáa. Ọmọ 130 ọdún ni bàbá náà nígbà tí wọ́n kú, àárín àwọn ọba ni wọ́n sì sin wọ́n sí.

Bàbá kú tán, àwọn ìjòyè wá tẹrí ba fún ọba, ọba gbọ́ tiwọn, wọ́n padà sídìí òrìṣà. Ẹ̀mí Ọlọ́run bà lé Sekaráyà ọmọ Jèhóíádà, ó dìde dúró níbi tó ga ju àwọn èèyàn lọ, ó sọ òótọ́ fún wọn. Ọba sì pàṣẹ, wọ́n sọ ọ́ lókùúta pa, inú àgbàlá ilé Olúwa níbẹ̀ náà. Ilé tí wọ́n fi ọba pa mọ́ sí tí kò fi kú lọ́mọdé, ibẹ̀ ló ti pa ọmọ ẹni tó fi í pa mọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí ìwé náà ṣe sọ ọ́ ní ẹsẹ 22: Jóáṣì ọba kò rántí oore tí Jèhóíádà ṣe fún un, ó sì pa ọmọ ẹ̀. "Kò rántí" yẹn, zakhar náà ni, ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ ẹni tí wọ́n ń pa. Lédè tiwa ká sọ pé ọba kò rántí, ó pa Olúrántí. Nígbà tó sì ń kú lọ, Sekaráyà ní "Kí Olúwa rí i, kí ó sì béèrè ẹ̀." Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ṣùgbọ́n èyí tún ju ti ọlọ́ṣà lọ. Ọdún kò yí po tí àwọn ará Síríà fi gbógun dé, wọ́n fi ọba sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́, àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀ fúnra wọn sì pa á lórí ibùsùn ẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ àlùfáà yẹn. Wọn kò sin ín sínú ibojì àwọn ọba. Bàbá tí kì í ṣe ọba ni wọ́n sin sáàárín àwọn ọba, ọba fúnra ẹ̀ kò débẹ̀.

Mo ka ibí yìí fún àbúrò mi bó ṣe ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní kí n má kà á mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó ṣe ó ní, "Ka ibi tó ti ní kí Olúwa rí i yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọba kan tún jẹ́ ẹ, ní Ísírẹ́lì apá àríwá, ọmọ Jèróbóámù Kejì, oṣù 6 péré ló lò tí Ṣálúmù fi pa á lójú gbogbo èèyàn (2 Àwọn Ọba 15). Òun ni ọmọ ìran kẹrin Jéhù, Ọlọ́run sì ti sọ fún Jéhù tẹ́lẹ̀ pé ìran mẹ́rin ló máa jókòó, ó parí síbẹ̀. Ìwé náà kò sọ ohun tó dáa kan nípa ẹ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni wòlíì, ẹni tó ni ìwé orí 14 tó wà nítòsí ìparí Májẹ̀mú Láéláé. Sekaráyà ọmọ Berekáyà ọmọ Ídò. Berekáyà, Yah bù kún, ẹ gbọ́ bí orúkọ ọmọ àti ti bàbá ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ní oṣù kẹjọ, ọdún kejì ìjọba Dáríúsì ọba Páṣíà ni ọ̀rọ̀ tọ̀ ọ́ wá, ìyẹn ọdún 520 ṣáájú ìbí Jésù. Àwọn Júù ti dé láti Bábílónì nígbà náà, wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì lélẹ̀, àwọn aládùúgbò dí wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti kọ́ ilé dé ìpìlẹ̀ tí owó tán mọ irú ojú tí èèyàn fi ń wo ìpìlẹ̀ yẹn láràárọ̀, tí koríko ń hù nínú ẹ̀. Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni òun àti wòlíì Hágáì dìde sí, orúkọ Sekaráyà gan-an sì ti jẹ́ ìwàásù kó tó la ẹnu. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti sẹ́yìn mọ́tò káàkiri, "kì í ṣe nípa ipá, kì í ṣe nípa agbára, bí kò ṣe nípa Ẹ̀mí mi," Serubábélì gómìnà tó ń kọ́lé yẹn ló ń bá wí. Òun ló sọ nípa ọba tó ń bọ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọgbọ̀n owó fàdákà. Ọdún 515 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n parí tẹ́ńpìlì, ìwé Ẹ́sírà sì dárúkọ ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun àti Hágáì ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí.

Ó ku bàbá Jòhánù, ẹni tí ọkọ àbúrò mi torí ẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbí.

Àlùfáà ni Sakaráyà ti inú Lúùkù, òun àti Èlísábẹ́tì ìyàwó ẹ̀ ti darúgbó, wọn kò bímọ. Ó wọlé lọ sun tùràrí, áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì dúró lápá ọ̀tún pẹpẹ, ó ní "a ti gbọ́ àdúrà rẹ." Bàbá ní báwo lòun á ṣe mọ̀, òun ti dàgbà jù. Ahọ́n ẹ̀ di, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ pé, gẹ́gẹ́ bí tiwa, àwọn ará àti aládùúgbò péjọ, wọ́n fẹ́ sọ ọmọ ní Sakaráyà bíi ti bàbá ẹ̀, ìyá ní rárá, Jòhánù ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí yín. Wọ́n ṣàpẹẹrẹ sí bàbá. Bàbá béèrè wàláà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Jòhánù ni orúkọ ẹ̀, ẹnu ẹ̀ sì là.

Wàláà! Bó ṣe wà nínú Bíbélì Yorùbá nìyẹn, wàláà. Mo dìde mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá àgbà wa, mo wo èyí tó wà lórí ìṣó níbẹ̀. Pákó ni, ó fẹ̀ tó àyà ọmọdé, ọrùn ẹ̀ tí wọ́n fi ń dì í mú ti dán gbirin nítorí ọwọ́, igun kan ti là, tàdáwà tí wọ́n ti fọ̀ kúrò láìmọye ìgbà ti wọ inú igi náà débi pé ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí ẹ bá gbé e sún mọ́ iná ẹ ṣì lè rí ìlà àwọn lẹ́tà kan tí kò fẹ́ kúrò. Bàbá Kékeré kọ́ aliif lórí ẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é, ẹnu àwọn mùsùlùmí ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yẹn, bí wọ́n ṣe mú àlùfáà, bí wọ́n ṣe mú àdúrà, bí wọ́n ṣe mú wòlíì. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú ìtàn Sakaráyà kí ẹ wò ó bóyá ìtàn á kù.

Ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Kékeré ló fi èyí hàn mí. Nínú Kùránì, Sàkàríyà ni wọ́n fi Màríámù sí ìkáwọ́ ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá wọlé tọ̀ ọ́ ní ibi ìjọsìn ó máa ń bá oúnjẹ níwájú ẹ̀, ó ní níbo lèyí ti wá, Màríámù ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni, ibẹ̀ ni bàbá náà ti gbàdúrà ọmọ. Àmì tí wọ́n fún un náà ni pé kò ní bá èèyàn sọ̀rọ̀, àmọ́ níbẹ̀ òru mẹ́ta ni. Súrà Màríámù wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀ báyìí, ẹsẹ 2: ìrántí àánú Olúwa rẹ sí ẹrú rẹ̀ Sàkàríyà. Ìrántí yẹn ní Lárúbáwá, dhikr ni, èyí tí àwa ń pè ní síkírì. Dhikr àti zakhar, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n, Lárúbáwá àti Hébérù bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Kékeré pé ohun tí orúkọ Sàkàríyà ń jẹ́ lédè tó ti wá ni pé Ọlọ́run rántí, wọ́n ka ẹsẹ yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún kà á lẹ́ẹ̀kejì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí." Àwọn Síkírù tó kún àdúgbò wa pẹ̀lú, Sikirulahi ni wọ́n, ìrántí Ọlọ́run, gbòǹgbò kan náà ni tiwọn náà. Síkírù àti Zacharie lè jókòó ti ara wọn ní kíláàsì ọdún mẹ́fà kí wọ́n má mọ̀ pé ohun kan náà ló wà lórí àwọn.

Bàbá Kékeré wá sọ nǹkan kan fún mi tí àbúrò mi kò mọ̀. Láti ọdún kẹta ìgbéyàwó ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àdúrà Sàkàríyà bẹ Ọlọ́run fún un lẹ́yìn ìrun àsùbáà, èyí tó wà ní Súrà 21, ẹsẹ 89, "Olúwa mi, má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan." Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ Kátólíìkì tó fẹ́ ọmọ Ìjọ Mímọ́. Mo sọ fún àbúrò mi, ó sunkún fún ìgbà pípẹ́.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀kan tún wà nínú Lúùkù tí mo nífẹ̀ẹ́ sí. Nígbà tí ẹnu Sakaráyà là tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run, ó débi kan (1:72 àti 73) tó ní Ọlọ́run fẹ́ ṣàánú fún àwọn baba wa, kó sì rántí májẹ̀mú rẹ̀, ìbúra tó bú fún Ábúráhámù. Jòhánù ń jẹ́ Yah ṣàánú. Sakaráyà ń jẹ́ Yah rántí. Èlísábẹ́tì ń jẹ́ Ọlọ́run mi ni ìbúra. Gíríìkì ni Lúùkù fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ orúkọ wọn ní Hébérù á gbọ́ ọmọ, bàbá àti ìyá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí oríkì ilé kan ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sì jẹ́ ká máa da Sakaráyà pọ̀ mọ́ Sákéù, ọkùnrin kúkúrú tó gun igi síkámórè. Orúkọ tiẹ̀ yàtọ̀, Zakkai ni, tó túmọ̀ sí ẹni mímọ́. Èèyàn ti bi mí léèmẹta.

Orúkọ náà rìn jìnnà gan-an. Àwọn Gíríìkì ní Zacharias, àwọn Faransé ní Zacharie, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ní Zachary, póòpù kan jẹ́ ẹ láti 741 sí 752, Gíríìkì ni póòpù náà, ààrẹ Amẹ́ríkà kejìlá náà jẹ́ ẹ, Zachary Taylor. Àwọn ará òkè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Benin wa ń pè é ní Zakari. Àwa kò ní z lẹ́nu, la fi ń pè é ní Sàkàríyà, tí a gé e sí Sàká.

Ìyàtọ̀ ìkọ̀wé yìí sì ti jẹ wá níyà rí. Nígbà tí bàbá àgbà wa kú, ìwé ilẹ̀ wọn ní Saka, káàtì wọn ní Zakari, ìwé kan tó ti pẹ́ jù lọ ní Zacharie torí akọ̀wé tó kọ ọ́ ka orúkọ náà bíi ti Faransé. Ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìwé ogún sọ fún wa pé ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá Kékeré dúró níwájú tábìlì yẹn, wọ́n ń sọ pé bàbá mi kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó tó ọdún méjì, owó sì lọ síbẹ̀, kó tó yanjú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí a lọ forúkọ ọmọ yìí sílẹ̀, èmi ni mo dúró lẹ́yìn ọkọ àbúrò mi, a jọ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ sí i, Z, A, C, H, A, R, I, E. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n fi Olúrántí kún un, wọ́n fi kún un. Màmá Kétu nìkan ló ń fi ìyẹn pè é.

Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Màmá Kétu. Wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ìyá ọmọ, wọ́n ní ìwọ ńkọ́, ṣé o ṣì rántí wa ní Kétu níbí? Mo ní mo rántí yín, Màmá. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé mo gbé búrẹ́dì mẹ́rin, ṣúgà páálí kan àti fọ́tò Olúrántí tí a tẹ̀ jáde lọ sí gáréèjì, mo fi fún awakọ̀ tó ń lọ sí Kétu.